Bí Ọdẹ Ṣe Ń Fi Ohùn Pe Ẹranko Apẹranjẹ Lóru

Ní Kumasi ní Gánà, láti àdúgbò Alabar dé Atwemonom kò jìnnà. Ẹni tó bá ń tajà láàárín ìlú náà mọ ọ̀nà ibẹ̀ dáadáa: ọjà ẹran ìgbẹ́ ni, òkìkí rẹ̀ sì kàn káàkiri ilẹ̀ Aṣáńtì. Ọ̀yà, ẹtu, òkété àti òòrẹ̀ ló máa ń wà lórí àtẹ, èyí tí wọ́n ti yan àti èyí tó ṣì tutù. Àwọn obìnrin ló di òwò náà mú. Ohun tí oníbàárà kì í rí ni bí ẹran náà ṣe kú. Púpọ̀ nínú rẹ̀, òru ni wọ́n yìnbọn pa á, lábẹ́ iná tí ọdẹ dè mọ́ iwájú orí. Òmíràn sì wà tí ọdẹ kò wá kiri rárá: ó jókòó, ó fi ẹnu àti imú ara rẹ̀ ké, ẹran sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá bá a.

Ìpè yìí ni mo fẹ́ ṣàlàyé, pàápàá ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tó bá jẹ́ pé ẹranko tó ń pa ẹran jẹ ló dá ọdẹ lóhùn. Lójú tèmi, ìmọ̀ ńlá ni, ó sì yẹ kó wà títí. Ìbọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni n kò fara mọ́ mọ́, tó bá ti kan ẹkùn, ìkookò àti irú wọn.

Ká bẹ̀rẹ̀ láti ara ẹtu. Láti igbó Taï ní Côte d'Ivoire títí dé ilẹ̀ Kóńgò, ọ̀nà kan náà ni àwọn ọdẹ ń gbà pe ẹtu àti àwọn ìbátan rẹ̀. Ọdẹ á lúgọ sí ìdí igi, á fi ìka méjì fún imú, á sì ti ohùn gba ihò imú jáde, ohùn tó há, tó ń gbọ̀n, bí ìgbà tí ọmọ ewúrẹ́ bá há sáàárín ọgbà. Igbe ọmọ ẹtu tí nǹkan mú lẹ́sẹ̀ ló ń fara wé. Á ké lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin, á dákẹ́, á tẹ́tí. Bí ẹtu bá wà nítòsí tó sì gbọ́, ó lè sáré wá débi tí yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ kọlu ọdẹ. Ìyá tó ní ọmọ ń bọ̀ wá gbà á sílẹ̀. Akọ àti abo tó ni agbègbè náà ń bọ̀ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí ilẹ̀ wọn, nítorí irú ẹtu wọ̀nyí sábà máa ń gbé ní méjì-méjì, wọn kì í sì í fẹ́ kí àjèjì wọ ààlà wọn. Ọ̀sán ni ọ̀pọ̀ ọdẹ ń pe ẹtu. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, àwọn mìíràn náà ń gbọ́.

Ẹranko apẹranjẹ kì í rí oúnjẹ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ń rìn, ó ń lúgọ, ó ń lé, èyí tó pọ̀ nínú ohun tó lé ló sì ń bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tó bá wá gbọ́ igbe ẹran tó ti wà nínú ewu, ìdajì iṣẹ́ ti parí nìyẹn. Bóyá ọmọ ẹran náà ti há sínú okùn, bóyá ó ti dá lẹ́sẹ̀, bóyá ẹranko kékeré kan ló mú un tí ẹni tó jù ú lọ lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí ó wù kó jẹ́, ìrìn díẹ̀ láti lọ wò ó kò ná an ní nǹkan púpọ̀, bí òun kò bá sì lọ, ẹlòmíràn á lọ. Ìdí rèé tí ìpè fi ń mú ẹkùn wá, tó ń mú ajáko wá, tó ń mú ológbò igbó wá, tí ẹyẹ idì pàápàá fi ń fò wá bó bá jẹ́ ojúmọmọ. Àwọn ọdẹ kan ń fi ọfọ̀ kún un. N kò ní bá wọn jiyàn lórí ohun tí baba wọn fi lé wọn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ebi ẹranko àti òye ọdẹ ti tó láti ṣàlàyé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìkookò gba ọ̀nà mìíràn. Igbe ọmọ ẹran ń fà á, ṣùgbọ́n ariwo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń jà lórí òkú ẹran tún máa ń gbé e dìde. Bó bá gbọ́ pé àwọn kan ń jẹun níbì kan, kò dúró rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Kìnnìún náà mọ ariwo ìkookò yìí, òun náà á sì wá, nítorí ó mọ̀ pé òun lè lé wọn kúrò nídìí oúnjẹ. Nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ pe àwọn méjèèjì yìí kì í fi imú ké bí ẹtu. Ohùn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń lò, igbe ọmọ ẹfọ̀n tàbí ariwo ìkookò lórí ẹran, tí wọ́n á fi gbohùngbohùn ńlá gbé jáde.

Kí ló dé tó fi jẹ́ òru? Àwọn ẹranko wọ̀nyí, òru ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ jù, gbogbo wa mọ ìyẹn. Èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé ohùn fúnra rẹ̀ ń rìn jìnnà lóru ju ọ̀sán lọ. Lọ́sàn-án, oòrùn á mú ilẹ̀ gbóná, afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ á gbóná ju ti òkè lọ, ohùn á sì máa tẹ̀ sókè kúrò létí ẹni tó wà nílẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ bá tutù lóru, ọ̀rọ̀ náà yí padà: afẹ́fẹ́ tútù wà nísàlẹ̀, èyí tó lọ́wọ́ọ́wọ́ wà lókè rẹ̀, ohùn tó fẹ́ gòkè á tẹ̀ padà wá sílẹ̀. Fi kún un pé atẹ́gùn sábà máa ń rọlẹ̀ lóru, tí ariwo ọkọ̀ àti ti ẹ̀rọ pẹ̀lú rọlẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé létí ìlú mọ bí òfàfà kan ṣoṣo ṣe lè fi igbe rẹ̀ gba gbogbo abúlé láàjìn.

Etí tó ń gbọ́ ọ náà kì í ṣe irú tiwa. Etí ọmọ ènìyàn kò lè gbọ́ ohùn tó bá ń gbọ̀n ju nǹkan bí ìgbà 20,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ológbò inú ilé lásán ń gbọ́ èyí tó ju 60,000 lọ, igbe àwọn ọmọ ẹran kéékèèké sì jẹ́ ohùn tó ga, tó tínrín. Etí ológbò tún ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún, ọ̀kan lè dojú kọ iwájú kí ìkejì dojú kọ ẹ̀gbẹ́, ìyẹn ló fi ń mọ ibi tí ohùn ti wá gan-an. Àwọn ẹranko ìdílé rẹ̀ tó tóbi náà ń lo etí wọn bẹ́ẹ̀. Ẹkùn tó gbọ́ ìpè mọ ìdí igi tí ó ti wá. Ẹni tó ń ké gbọ́dọ̀ máa rántí ìyẹn, nítorí ìdí igi yẹn gan-an ni òun jókòó sí.

Ibẹ̀ ni ewu iṣẹ́ yìí wà. Ọdẹ tó ń tọ ipasẹ̀ ẹran mọ̀ pé ẹran wà níwájú òun. Ọdẹ tó ń pe ẹran ti sọ ara rẹ̀ di ẹran. Ẹkùn kì í sì í gba ojú ọ̀nà wá. Ó máa ń yípo títí tí atẹ́gùn yóò fi máa fẹ́ láti ọ̀dọ̀ ọdẹ wá sí imú rẹ̀, kó lè gbóòórùn ohun tó ń ké kí ó tó fara hàn. Bí ó bá gbóòórùn ènìyàn, ó sábà máa ń yí padà láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé ó wá. Bí igbó bá dí tí kò sì gbóòórùn, ó lè dé ẹ̀yìn ọdẹ. Ìdí rèé tí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà kì í fi í dá pe ẹran lóru. Ẹni kan á máa ké, ẹnì kejì á dojú kọ ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ lọ. Wọ́n á fi ẹ̀yìn ti igi ńlá, tàbí kí wọ́n wà lórí ègùn tí wọ́n ti kàn sí ẹ̀ka igi láti ọ̀sán. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ti ju eérú tàbí eruku díẹ̀ sókè láti mọ ibi tí atẹ́gùn kọjú sí, wọn á sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí atẹ́gùn òru lè yí padà.

Ọ̀rọ̀ iná náà gba àlàyé. Lẹ́yìn ojú àwọn ẹranko òru, awọ kan wà tó ń dán, tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà. Ìmọ́lẹ̀ tó bá ti kọjá nínú ojú lẹ́ẹ̀kan á tún gba ibẹ̀ padà, ẹranko á sì fi ìmọ́lẹ̀ kékeré ríran. Òun náà ló ń mú kí ojú wọn tàn bí iná bá kàn án. Ojú ènìyàn kò ní awọ yìí. Ọdẹ á de iná mọ́ iwájú orí, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ tó bá dá padà, ọ̀nà tó gbà wá ló ń gbà lọ: iná gbọ́dọ̀ wà nítòsí ojú ẹni tó ń wò kó tó rí i dáadáa.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, iná kábáàdì ni àwọn ọdẹ ilẹ̀ Gánà àti tiwa ń lò. Òkúta kábáàdì wà nínú agolo ìsàlẹ̀, omi wà lókè rẹ̀, omi náà á máa kán sí i díẹ̀díẹ̀, gáàsì á jáde, gáàsì yẹn ló ń jó níwájú àwo tó ń dán. Òórùn rẹ̀ le, ó sì ń hó wùù, ẹran tó bá gbọ́n mọ̀ ọ́n. Iná oníbátìrì tí wọ́n ń kó wá láti Ṣáínà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lé e kúrò lọ́jà. Kò lóòórùn, kò pariwo, ó sì ń tàn jìnnà. Àwọn kan ń fi gíláàsì pupa bò ó, nítorí ojú ọ̀pọ̀ ẹranko kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ìmọ́lẹ̀ pupa, wọn kò sì ní sá fún un bí wọ́n ṣe ń sá fún funfun. N kò rò pé ohun kan wà tó ṣe igbó léṣe ní kíákíá tó iná olówó pọ́ọ́kú yìí, nítorí òru tí kò sí òṣùpá ni ọdẹ fẹ́ràn, òkùnkùn náà ló sì ń dáàbò bo ẹran tẹ́lẹ̀.

Ọdẹ tó dáńtọ́ ń ka ojú. Ojú ẹtu àti ìgalà wà ní ẹ̀gbẹ́ orí, nítorí náà bí ẹran bá yí orí, ọ̀kan nínú rẹ̀ á pa. Ojú ẹranko apẹranjẹ wà níwájú, méjèèjì ń tàn pọ̀, wọ́n sì ń wo ẹni tó mú iná lọ́wọ́ tààrà. Ọ̀nà tí ojú náà ń gbà rìn tún ń sọ̀rọ̀: ti ẹta ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nílẹ̀, ti ẹkùn lè dúró gbọn-in fún ìgbà pípẹ́, kó sì pa rẹ́ lójijì. Síbẹ̀ ojú nìkan kò tó láti fi yìnbọn. Ajá àgbẹ̀ ní ojú tó ń tàn, màlúù náà ní. Ìyìnbọn sí ojú tí a kò tíì rí ara rẹ̀ ti sọ ọ̀pọ̀ ilé di ilé ọ̀fọ̀.

Bí ìpè ṣe ń lọ fúnra rẹ̀ kò le láti ṣàlàyé, sùúrù ló le. Ẹni tó bá ń ké láìdákẹ́ ń lé ẹran, nítorí kò sí ọmọ ẹran tí nǹkan mú tó ń ké fún wákàtí kan gbáko. Wọ́n á ké fún ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n á dákẹ́ pẹ́, wọ́n á tún ké, èyí tó tẹ̀lé e á rẹlẹ̀ díẹ̀ bíi pé agbára ń tán lára ẹni tó ń ké. Ìkookò lè yọ kíákíá, á máa sáré bọ̀. Ẹkùn lè gba èyí tó pọ̀ nínú wákàtí kan, ẹni tó bá dìde ní ìṣẹ́jú ogún lè máà mọ̀ láé pé ó ti wà nítòsí. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn èèyàn ti ń pe coyote, ẹranko kan tó jọ ajáko, igbe ehoro ni wọ́n ń lò, láti ẹnu fèrè kékeré tàbí láti inú ẹ̀rọ. Ní Texas, òfin kò ti ọdún ọdẹ coyote rárá, ẹran ọ̀sìn ló ń pa, ó sì pọ̀ ní ilẹ̀ wọn. Ó yẹ kí ẹni tó bá ń wo fídíò wọn lórí fóònù ní Alabar mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tibí kò rí bẹ́ẹ̀.

Nítorí ta ló kù láti jẹ́ ìpè nítòsí Kumasi? Nínú igbó Bobiri, àti ní Owabi níbi tí igbó ti yí adágún omi tí ìlú ń mu ká, àwọn ẹranko apẹranjẹ kéékèèké bí ẹta lèèyàn lè retí, kì í ṣe ẹkùn. Ìkookò ṣì wà ní Mole, ní apá àríwá Gánà. Ní ti kìnnìún, ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2014 lórí gbogbo Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà rí i pé kìnnìún tó kù kò ju nǹkan bí 400 lọ, ibi mẹ́rin péré ni wọ́n sì wà: Niokolo-Koba ní Sẹ̀nẹ̀gà, igbó ńlá tí Benin, Niger àti Burkina Faso jọ ni, Yankari, àti Kainji Lake. Kainji yìí sún mọ́ ilẹ̀ Yorùbá gan-an. Gánà kò sí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tí ẹnì kan bá ń pe kìnnìún ní Gánà lónìí, àfàìmọ̀ ni kó má máa bá òkùnkùn sọ̀rọ̀.

Òfin wà lórí pípa àwọn ẹranko wọ̀nyí. Láti 1971 ni ìlànà ìdáàbòbò ẹranko ìgbẹ́ ti Gánà ti fi ẹkùn àti kìnnìún sí àkójọ àwọn tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pa. Ìlànà yẹn náà ló ti ìgbẹ́ láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ títí di ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá lọ́dọọdún, ọ̀yà nìkan ni wọ́n yọ sílẹ̀ lára àwọn ẹran tí à ń jẹ. Ó tún kọ kí wọ́n pa ẹran tó ní ọmọ lẹ́yìn. Ẹ jẹ́ ká gbé èyí lé orí ìpè wò: igbe ọmọ ni ọdẹ ń ké, ìyá ọmọ ló sì ń sáré wá. Ọgbọ́n yìí gan-an ń fa àwọn tí òfin dáàbò bò jù lọ jáde. Ní 2023, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Gánà ṣe òfin tuntun lórí ẹranko ìgbẹ́, Act 1115. Ní Nàìjíríà, òfin 1985 lórí àwọn ẹranko tó ń kú run ló dáàbò bo ẹkùn. Àdéhùn tí àwọn ìjọba Áfíríkà fọwọ́ sí ní Algiers ní 1968 náà ka ọdẹ òru mọ́ àwọn ọ̀nà tó yẹ kí wọ́n fòfin dè.

Fún àwọn Mùsùlùmí Alabar, wọ́n sì pọ̀, hádíìsì ti kọ ẹranko tó ní eyín ìfàya fún jíjẹ tipẹ́. Àríyànjiyàn àwọn àáfà wà lórí ìkookò. Nítorí náà ẹni tó bá pa ẹkùn kò wá ẹran ọbẹ̀. Awọ, eyín àti ọ̀rá ló ń tà, fún oògùn tàbí fún ọ̀ṣọ́. Nílẹ̀ Yorùbá, ààfin ni wọ́n ń gbé ẹkùn tí ọdẹ bá pa lọ, kì í ṣe ọjà, torí nǹkan ọba ni awọ rẹ̀. Àṣà yẹn fúnra rẹ̀ kò jẹ́ kí pípa ẹkùn di iṣẹ́ ojoojúmọ́, ó sì dùn mí pé oníṣòwò ti gba ipò ọba nínú rẹ̀.

Ibi tí ìpè ti rí iṣẹ́ tuntun ni kíka ẹranko. Ní Masai Mara ní Kenya, àwọn onímọ̀ lo ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ láti pe kìnnìún àti ìkookò kí wọ́n lè mọ iye wọn, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1998. Ní Kruger ní South Africa náà, wọ́n ti ka ìkookò bẹ́ẹ̀. Wọ́n á gbé gbohùngbohùn sórí ọkọ̀, wọ́n á gbé ohùn jáde, wọ́n á dúró, wọ́n á ka gbogbo èyí tó bá wọnú ìmọ́lẹ̀. Iye tó wá nìkan kò tó. Ó di dandan kí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò lára ìkookò tí wọ́n ti mọ ibi tó wà, kí wọ́n lè mọ bí ohùn náà ṣe ń dé ibi tó jìnnà tó, àti ìdá mélòó nínú àwọn tó gbọ́ ló máa ń wá. Ká fi àpẹẹrẹ ṣe é: bí ohùn bá ń dé kìlómítà mẹ́ta ní gbogbo ẹ̀gbẹ́, ilẹ̀ tó kárí jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 28 níbùú lóròó. Bí ìdajì àwọn tó gbọ́ bá máa ń wá, tí mẹ́rin sì wá lálẹ́ yẹn, a jẹ́ pé mẹ́jọ ló ń gbé ibẹ̀. Wọ́n á tún un ṣe ní ibùdó púpọ̀ kí iye náà tó ṣeé gbára lé. Ní àwọn igbó kan, àwọn ọdẹ ti bá àwọn onímọ̀ ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lórí ẹtu, pẹ̀lú imú àti ìka méjì, láìgbé ìbọn.

Ohun kan ló ń ba iṣẹ́ kíkà jẹ́, òun náà ló ń ba ti ọdẹ jẹ́: ẹranko ń kọ́gbọ́n. Èyí tó bá wá lẹ́ẹ̀kan tí kò rí oúnjẹ, tàbí tó gbọ́ ìbọn tó sì sá là, ó lè má wá mọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Nítorí náà àwọn tó ń ka ẹranko kì í tètè padà sí ibùdó kan náà, wọ́n sì máa ń pààrọ̀ ohùn tí wọ́n ń lò. Ní báyìí tí ẹnikẹ́ni lè gba igbe ẹran sórí fóònù, kó so ó mọ́ gbohùngbohùn kékeré, kó sì máa tàn án ní gbogbo alẹ́ létí igbó, bí ẹnì kankan kò bá wá, òun tó ń tàn án kò ní mọ̀ bóyá ẹranko ti tán ni, tàbí ó ti gbọ́ ohùn náà títí tó fi mọ̀ pé irọ́ ni. Ẹni tó sì wá kà wọ́n lẹ́yìn rẹ̀ yóò kọ òfo sílẹ̀ fún igbó tó ṣeé ṣe kí ẹranko ṣì wà níbẹ̀.